Mikiró Tó Di Àbúrò Mi Lọ́wọ́ Mú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú wa rí nílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́. Mo máa kọ ọ́ dé ìdajì, àyà mi á já, mo máa pa á rẹ́. Lónìí, mi ò ní pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Àjàṣẹ́ níbí mọ̀ pé èmi Másẹ́lì, mo lẹ́nu. Kò sí ohun tí mi ò mọ̀! Bí fáànù yín ò bá yí mọ́, ẹ pe Másẹ́lì. Bí tẹlifísọ̀n bá ṣókùnkùn, ẹ pe Másẹ́lì. Akọ̀wé ni mí o, ìwé ni mò ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ iná rí. Síbẹ̀ gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Ẹnjiníà, èmi náà sì ń dáhùn.

Ẹgbẹ́ olórin kékeré kan la ní. Ẹni mẹ́ta péré ni wá. Èmi ń tẹ dùùrù, ọ̀rẹ́ mi Rọ́láǹ tó ń gbé ní Djègan-Kpèvi ń ta gìtá, àbúrò mi obìnrin, Fẹlisité, ló ń kọrin. Ẹ má jẹ́ n tàn yín, èmi àti Rọ́láǹ kàn ń sin ín ni. Ohùn Fẹlisité gan-an ni ẹgbẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá láti ayé bàbá tó bí bàbá wa, tí ọmọ yìí bá sì lanu ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ti ń tòògbé á jí.

Kútọnu la ti máa ń lọ gba ohùn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kọjá Sèmè-Kpodji, atẹ́gùn òkun àti eruku á ti gbẹ ọmọ lọ́fun, ọkùnrin tó ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀ náà á sì máa kánjú mọ́ wa lórí. Ó sú wa. La bá ní ká kúkú kó irinṣẹ́ jọ sílé, ní Houinmè, ká máa ṣe é bó ṣe wù wá. Ta ni wọ́n ní kó lọ ra irinṣẹ́? Ta ni ì bá tún jẹ́!

Rọ́láǹ gbà mí nímọ̀ràn o. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò tóbi ju ìwé orin lọ, ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ti ń gba iná díẹ̀ tó nílò. Ó ní ìyẹn tó ẹni mẹ́ta. Mo bi í bóyá ọmọdé ló fẹ́ ká jọ lójú ayé. Míksà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀, ni mo fẹ́, míksà onírin ńlá tí bọ́tìnnì pọ̀ lára rẹ̀ jìngbìnnì, tó jẹ́ pé ẹni bá wọlé á mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Ṣé ẹ rí ìgbéraga?

Ọ̀rọ̀ mikiró, ìyẹn gbohùngbohùn, tiẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, etí rẹ̀ ti mú jù. Ó gbọ́ ọ̀kadà sẹ́mìjáàn tó ń kọjá lójú títì, ó gbọ́ ọmọ odó, ó gbọ́ àkùkọ aládùúgbò wa. Nígbà tá a gbọ́ orin náà padà, àkùkọ ló ń lé, Fẹlisité ló ń gbè! Mo bá lọ pààrọ̀ rẹ̀, mo mú èyí tí olórin máa ń dì mú lọ́wọ́, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin. Ẹ̀rín yẹn lẹ́rìn-ín tá a rín kẹ́yìn nídìí iṣẹ́ náà.

Ó ku yàrá. Yàrá àdúrà Màmá nìkan ni kò kọjú sí títì, aṣọ títa tó wúwo sì wà lára ògiri rẹ̀, kì í jẹ́ kí ohùn ta padà. Màmá gbà, ṣùgbọ́n ó ní òfin òun ò yẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìjọ wa mọ̀ pé tá a bá ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà. Ti Màmá le ju ìyẹn lọ, o wọ sùtánà o, o ò wọ̀ ọ́ o, ẹsẹ̀ lásán lo máa gbé wọ yàrá òun. Àárọ̀ ọ̀sán ló sì máa ń wọ́n omi àdúrà síbẹ̀, pẹ̀lú lọ́fínńdà. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yẹn kì í gbẹ tán. Ní tèmi, otútù rẹ̀ ò bá mi lára mu, mo bá tẹ́ ẹní sábẹ́ ẹsẹ̀ mi níbi tí mo ń jókòó sí. Ẹní kan ṣoṣo ló wà.

Míksà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá ará Ìjẹ̀bú kan tó ń kó àlòkù wá láti Èkó ni mo ti rí i. Ó wúwo, ó ń dán, ọkàn mi fà sí i. Bùrọ̀dá náà, kí Ọlọ́run má ṣe gbàgbé rẹ̀, kìlọ̀ fún mi. Ó ní pùlọ́ọ̀gì Nàìjíríà ló wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ihò ara ògiri tiwa ò ní gbà á. Ó ní kí n pe oníṣẹ́ iná kó bá mi ṣe é, kí ẹsẹ̀ kẹta lè ríbi wọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé Ẹnjiníà lòun ń bá sọ̀rọ̀ ni?

Ẹ̀yin ará ibí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Kí la máa ń ṣe sí ohun tó bá ti Nàìjíríà dé? Ọ̀bẹ ni! A ó gé orí wáyà náà kúrò, a ó fi orí tiwa ẹlẹ́sẹ̀ méjì rọ́pò. Ta ni kò ṣe é rí? Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gé e, wáyà mẹ́ta ló wà nínú. Méjì ríbi wọ̀. Ìkẹta, aláwọ̀ ewé tó ní ilà òfééfèé, kò ríbi wọ̀. Mo ká a padà, mo fi tẹ́ẹ̀pù dúdú wé e mọ́lẹ̀. Mo ní kò ṣiṣẹ́ kankan. Mo ti ẹ̀rọ bọ iná, ó tàn, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Bí iná bá ṣìnà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó bọ́ sára irin rẹ̀, wáyà kẹta yẹn ló yẹ kó gbé e lọ sínú ilẹ̀ kó má bàa gba ara èèyàn kọjá. Mo ti dí ọ̀nà yẹn. Iná sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a ṣiṣẹ́, mo gbé kásìkì tá a fi ń gbọ́ ohùn bo etí, mo gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ohun gbogbo. Hùùùùn. Ó ṣe bí ẹni tó ń kùn nínú oorun. Mo tú èyí, mo so tọ̀hún, kò lọ. Ni Fẹlisité bá na ọwọ́, ó gbé mikiró. Ariwo náà dákẹ́ wẹ́lo! Ó gbé e sílẹ̀, ariwo padà. Ó tún gbé e, ó tún dákẹ́.

Ǹjẹ́ kò yẹ kí ẹ̀rù bà mí? Inú mi dùn ni! Mo ní a ti rí oògùn rẹ̀. Mo pàṣẹ fún Fẹlisité pé bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ tú ọwọ́ lára mikiró, kó dì í mú dáadáa. Ara àbúrò mi ló ti di wáyà tí mo ká padà. Èmi tí mo jókòó sórí àga onígi, tí ẹní wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tó jẹ́ bọ́tìnnì rọ́bà nìkan ni mò ń fọwọ́ kàn, mi ò mọ nǹkan kan lára.

Lọ́sẹ̀ kejì, Fẹlisité dúró láàárín orin, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní nǹkan ń rìn òun láti àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ìgbọ̀nwọ́, bí ìgbà tí èèrà bá ń gun èèyàn. Ó ní ó ń gbọn òun. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò bá rí Màmá! Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ní Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀ sínú ilé òun, ohun tí òun ti ń gbàdúrà fún látọjọ́ tí òun ti bí ọmọ náà. Nínú ìjọ wa, bí Ẹ̀mí bá bà lé èèyàn, gbígbọ̀n ló máa ń gbọ̀n. A ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi bá a jiyàn?

Àti pé, kí n sọ ti inú mi, ohùn yẹn dùn. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ náà á máa gbọ̀n, á máa wọ èèyàn ní akínyẹmí ara. Mi ò fẹ́ kó dáwọ́ dúró.

Rọ́láǹ nìkan ló kọ̀. Okùn gìtá rẹ̀ já a jẹ ní ìka lẹ́ẹ̀mejì, ló bá lọ wọ sílípáàsì rọ́bà, ó ní iná nìyí, òun ò ní bọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá lé e jáde. Rọ́láǹ gbé àga lọ sí kọ́rídọ̀, ó jókòó síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ihò iná tá a ti fa wáyà wọ yàrá. Ibẹ̀ ló ti ń ta gìtá rẹ̀, ó ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Mo bú u. Mo ní aláìgbàgbọ́ ni, mo ní ìlara ń ṣe é torí Ẹ̀mí ò mọ ilé tiẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré! Ó wò mí, ó sì ń ta gìtá rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá ọmọńlé méjì lẹ́yìn míksà, wọ́n ti kú, wọ́n gan pa. Màmá ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ó ní Ọlọ́run ti mú un padà sórí wọn. Ó tan àbẹ́là méje. Èmi sì gbá ọmọńlé dànù.

Fẹlisité náà ti ń yí padà. Kì í fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ mọ́. Á ní kí òun kọ́kọ́ mu omi, á ní kí òun kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ ìyá kan tó wá kí wa. Ó ní nǹkan náà kì í ṣe èèrà mọ́, ó ti ń fa òun. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Fòfó,” bó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn bíi ti gbogbo ará ibí, “ṣé Ẹ̀mí máa ń dunni ni?” Mo ní ó máa ń wúwo lára ẹni tó bá yàn. Ibo ni mo ti gbọ́ ọ? Mo kàn sọ ọ́ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa wà nílé, Rọ́láǹ náà wà níbẹ̀, nígbà tí Alágbà Tìmótì wá kí Màmá. Àgbà ìjọ wa ni, kó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ iná ló ṣe, òpó ló ń gùn nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Màmá jẹ́rìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń retí kí bàbá ké Haleluya. Kò ké e. Ó bi Fẹlisité pé, “Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ yẹn, tó o bá sì di mikiró náà mú, ṣé Ẹ̀mí ṣì máa ń wá?”

Fẹlisité mi orí pé rárá.

Bàbá dìde, ó wo ilẹ̀ tó tutù, ó wo ẹsẹ̀ wa. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tan nǹkan náà mọ́. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ní agogo mẹ́rin pẹ̀lú tẹ́sítà òun, òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú Màmá! Lójú Rọ́láǹ! Inú bí mi débi pé mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo pe gbogbo wọn fún agogo méjì ọjọ́ Sátidé náà.

Mo ní ká gba orin kan péré sílẹ̀ kí arúgbó yẹn tó dé wá máa tú irinṣẹ́ mi kiri. Orin tó kù nìyẹn, ká parí rẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilé tutù nini, Màmá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi rẹ̀ tán. Fẹlisité ti wọ sùtánà nítorí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Ó ní ṣebí Bàbá ní ká dúró. Mo ní ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ni àbí Alágbà? Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó wọlé.

Mo tan ẹ̀rọ. Ariwo náà le ju ti gbogbo ọjọ́ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí. Mo ṣẹ́wọ́ sí Fẹlisité. Ó gbé mikiró, ó ṣẹ́jú pì, ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ kìíní lọ geere. Ó dé ègbè, ohùn rẹ̀ gòkè, ó sì dúró síbẹ̀. Ó kàn dúró ni. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo, “ààààà,” tó ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, èmi gan-an ló ń wò. Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ké Haleluya. Èmi ńkọ́? Mò ń rẹ́rìn-ín! Mo fọwọ́ kan bọ́tìnnì, mo fi kún ohùn rẹ̀. Mo rò pé mi ò gbọ́ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Igbe Rọ́láǹ ni mo gbọ́. Kò wọlé. Ó fa wáyà yọ lára ògiri kọ́rídọ̀ pẹ̀lú agbára débi pé ihò iná náà tẹ̀lé e jáde. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Fẹlisité ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn, mikiró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ ò ṣí. Ìka kọ̀ọ̀kan la fi ń tú u, èmi àti Rọ́láǹ, awọ sì ń bá a lọ. Ah! Mo gbọ́ òórùn náà. Mi ò ní sọ bó ṣe rí.

Ọkọ̀ aládùúgbò la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ní agogo mẹ́rin gééré, Alágbà Tìmótì dé ilé wa, tẹ́sítà wà nínú àpò èwù rẹ̀. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kò bá ẹnì kankan.

Ó yè. Ẹ bá mi dúpẹ́, Fẹlisité yè. Dókítà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ọkàn rẹ̀ ì bá ti dúró. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó, ìka méjì ò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù títí di òní. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàwàdà pé òun lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná láìlo àkísà. Kò tíì kọrin.

Alágbà Tìmótì fúnra rẹ̀ ló tú pùlọ́ọ̀gì náà lójú mi. Ó ṣí tẹ́ẹ̀pù dúdú, ó fa wáyà aláwọ̀ ewé jáde, ó fi hàn mí. Kò pariwo. Ó bi mí ẹni tó ká a padà, mo ní èmi ni. Màmá bi í lóhùn kékeré pé gbogbo ìgbà yòókù ńkọ́, gbogbo ẹkún tí òun sun, gbogbo ọpẹ́ tí òun dá. Bàbá ní, “Ìyá, Ẹ̀mí Mímọ́ kì í bó awọ ọwọ́ ọmọ ẹni.” Láti ọjọ́ náà, Màmá ti ń gbàdúrà ní pálọ̀.

Rọ́láǹ ò gba ẹ̀bẹ̀ mi bọ̀rọ̀, ó sì tọ́ sí mi. Ẹ̀rọ kékeré tó sọ níjọ́sí la wá rà. Ó wà nínú páálí rẹ̀.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó irinṣẹ́ orin jọ sílé, ẹ má ra èyí tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ jọ ẹni ńlá, ẹ ra èyí tí ilé yín lè gbà. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì ní nǹkan ń jẹ òun lọ́wọ́, ẹ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má wá orúkọ rere fún un. Ẹnu mi yìí ló ń sọ ọ́ o! Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni nínú yín tí ẹ̀rọ ti ta lọ́wọ́ rí, tẹ́ ẹ ní kò sí nǹkan, tẹ́ ẹ sì ń lò ó lọ? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ jọ̀ọ́. Fẹlisité máa ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ, ọwọ́ òsì ló fi ń tẹ fóònù.

Òun náà máa ka èyí. Nílé ìwòsàn, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ orin ọjọ́ yẹn, mo ní ó ti parẹ́ nígbà tí iná lọ. Fẹlisité, kò parẹ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn rẹ wà níbẹ̀, igbe Màmá wà níbẹ̀, ẹnì kan sì wà lábẹ́ wọn tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé, “Má tú u sílẹ̀, ó ti ń dùn.” Mi ò rántí pé mo sọ ọ́. Ohùn mi ni.